Bátìrì, Linux àti iná Ilé-Ifẹ̀

Ọ̀kan nínú ẹ̀yin ọmọ mi béèrè ìdí tí bátìrì láptọ́ọ̀pù Linux rẹ̀ kì í fi í kọjá 80%. Kò bàjẹ́ o. Ẹni tó bá a tò ó ló ní kó dúró níbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì ní ìtàn.

Ọdún kan náà, 1991, ni Linus Torvalds gbé Linux jáde ní Finland, tí Sony sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta bátìrì lithium-ion. Àwọn méjèèjì ò tètè gbọ́ èdè ara wọn. Windows ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ fi ń dán kọ̀ǹpútà wọn wò. Àwọn ará Linux ló ń tú u wò fúnra wọn. Ẹni tó bá fẹ́ dá bátìrì ThinkPad dúró lójú ọ̀nà ní láti wá àfikún kiri, títí ẹ̀dà 4.17 fi gbà á wọlé ní 2018.

Bátìrì tó ń kún dẹ́múdẹ́mú nígbà gbogbo, pàápàá nínú ooru, tètè ń gbó. Ìmọ̀ràn 80% dáa fún ẹni tí iná rẹ̀ kì í lọ. Ní Ifẹ̀ níbí ńkọ́? (Iná ti lọ lẹ́ẹ̀mejì bí mo ṣe ń kọ èyí.) Ìdá ogún yẹn lè jẹ́ ìyókù iṣẹ́ alẹ́ mi. Èmi o, 100 ni mo fi tèmi sí.