Ìwúkàrà

Ṣé ẹ ti wo ọ̀rọ̀ yìí dáadáa rí: ìwúkàrà? Ohun tó ń mú àkàrà wú ni. Nígbà tí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, búrẹ́dì kò tíì di oúnjẹ gbogbo ilé. Ọ̀dọ̀ ìyá alákàrà ni wọ́n ti yá orúkọ. Búrẹ́dì tí kò wú wá di àkàrà aláìwú. Búrẹ́dì tá à ń pè lónìí, ẹnu Gẹ̀ẹ́sì ló ti wá.

Ẹni tó sọ búrẹ́dì di òwò ńlá l'Ékòó kì í ṣe òyìnbó o. Ọmọ Jàmáíkà ni, Amos Shackleford. Iṣẹ́ rélùwéè ló bá dé Nàìjíríà ní 1913. Ní 1921 ó dá ilé búrẹ́dì sílẹ̀, nígbà tó yá wọ́n ń pè é ní Ọba Búrẹ́dì. Tẹ́lẹ̀, ọwọ́ ni wọ́n fi ń po fúláwà. Òun ló gbé ẹ̀rọ tí ń tẹ̀ ẹ́ wọlé: irin roboto méjì tí ń yí, wọ́n á ti fúláwà pípò bọ àárín wọn léraléra títí á fi dán. Irú ẹ̀rọ yìí ló fún búrẹ́dì Agége ní inú kíki tó ń fà lẹ́nu.

Ẹ̀rọ dára, àmọ́ búrẹ́dì kúrò lọ́wọ́ wa. Ní 1987 ìjọba Babangida fòfin de kíkó àlìkámà wọlé, títí di 1992. Búrẹ́dì wọ́n gógó. Àwọn oníbúrẹ́dì kan tún ń fi potassium bromate sí i kó lè wú dáadáa, bẹ́ẹ̀ NAFDAC ti fòfin dè é torí ìbẹ̀rù àrùn jẹjẹrẹ.

Ẹni tó bá ṣe tiẹ̀ nílé mọ ohun tó wà níbẹ̀: fúláwà, yíìsì, iyọ̀, ṣúgà díẹ̀, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́. Kò dìgbà tá a bá ní ófùnnù. Ìkòkò ńlá, yanrìn nísàlẹ̀, ìdérí, ó ti tó. Pò ó títí kò fi ní lẹ̀ mọ́ ọwọ́ mọ́, fi aṣọ bò ó, kó o dúró. Yíìsì ń jẹ ṣúgà, ó ń mí afẹ́fẹ́ jáde, afẹ́fẹ́ yẹn ló ń gbé e sókè. Fi ìka tẹ̀ ẹ́, á rọra padà sípò. Ìgbà tó bá ń jinná, òórùn ẹ̀ nìkan á pe gbogbo ará ilé jọ!

Nínú Mátíù 13:33, obìnrin kan tó ń po ìyẹ̀fun ni Jésù fi pa òwe ìjọba ọ̀run, kì í ṣe ọba, kì í ṣe ọlọ́jà. Òótọ́ ni pé òkè òkun ni ọ̀pọ̀ àlìkámà wa ṣì ti ń wá. Ṣùgbọ́n sùúrù tá a fi ń dúró kó wú, ilé ló wà. Ẹ gbìyànjú ẹ̀ wò lọ́jọ́ Sátidé.