Ìtàn Tó Wà Léjìká Sílíńdà: Yíyan àti Ìtọ́jú Sílíńdà Afẹ́fẹ́ Àwọn Òmùwẹ̀

Ìfáàrà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ló ń mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún. Ọ̀rọ̀ yìí bá sílíńdà afẹ́fẹ́ tí àwọn òmùwẹ̀ ń gbé kọ́ ẹ̀yìn wọ ìsàlẹ̀ omi mu. Sílíńdà tó dára lánàá lè ti sán nínú lónìí kí ojú má sì rí i. Ohun tí iṣẹ́ yìí fẹ́ fi hàn ni pé àwọn òfin tó de yíyan sílíńdà àti ìtọ́jú rẹ̀ kì í ṣe àṣẹ tí ẹnì kan kàn jókòó pa. Ìrírí àti ìjàǹbá ló bí ọ̀pọ̀ nínú wọn.

Ìpilẹ̀ṣẹ̀

Ilẹ̀ Faransé ni a ó ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1864, Benoît Rouquayrol, ẹnjiníà ibi ìwakùsà, àti Auguste Denayrouze, ọ̀gá nínú ológun ojú omi, gbé ohun èlò kan jáde tó ní ìkòkò irin tí òmùwẹ̀ ń gbé kọ́ ẹ̀yìn. Afẹ́fẹ́ tí ìkòkò náà lè gbà kéré, nítorí náà rọ́bà láti orí omi ló sábà máa ń gbé afẹ́fẹ́ wá sínú rẹ̀. Ní 1926, Yves Le Prieur lo sílíńdà tí a ki afẹ́fẹ́ sí gidigidi. Òmùwẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ rọ́bà, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ń tú jáde láìdúró, kì í sì í pẹ́ tán.

Ní 1943 ni Jacques-Yves Cousteau àti Émile Gagnan rí ojútùú sí ìṣòro yìí. Gagnan ti ṣe ẹ̀rọ kan fún ọkọ̀ tó ń lo gáàsì nígbà ọ̀wọ́n epo Ogun Àgbáyé Kejì. Òun ni wọ́n tún ṣe, tó fi jẹ́ pé ìgbà tí òmùwẹ̀ bá fa èémí nìkan ni afẹ́fẹ́ ń jáde. Nígbà tó yá, ẹni tí kì í ṣe ológun pàápàá wá ń ní sílíńdà tirẹ̀.

Irin tàbí Àlùmíníọ̀mù?

Irin le, ó sì wúwo tó láti dúró sísàlẹ̀ omi. Àléébù rẹ̀ ni pé omi iyọ̀ ń mú un dógùn-ún. Bí inú sílíńdà bá dógùn-ún, ògiri rẹ̀ ń tín-ín-rín, bẹ́ẹ̀ ni ìdógùn-ún náà ń jẹ nínú ọ́síjìn tó yẹ kí ènìyàn mí. Èyí wà lára ohun tó jẹ́ kí sílíńdà àlùmíníọ̀mù gbilẹ̀ ní Amẹ́ríkà láti àwọn ọdún 1970. Àlùmíníọ̀mù kì í dógùn-ún bí irin, ṣùgbọ́n bí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ bá ti ń tán, ó ń fẹ́ léfòó. Ẹni tó bá yàn án gbọ́dọ̀ fi òjé kún ẹrù ara rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ Inú Àdàlù 6351

Àdàlù àlùmíníọ̀mù tí a ń pè ní 6351 ni a fi ṣe púpọ̀ nínú àwọn ti ìṣáájú. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, a rí i pé ọrùn àwọn kan ń sán láìjẹ́ pé ohunkóhun gbá wọn. Díẹ̀ nínú wọn bẹ́ nígbà tí a ń rọ afẹ́fẹ́ sínú wọn, wọ́n sì ṣe ènìyàn léṣe. Ní 1988, ilé-iṣẹ́ Luxfer ní Amẹ́ríkà fi àdàlù 6061 rọ́pò rẹ̀ fún sílíńdà àwọn òmùwẹ̀. Ní 2006, ìjọba Amẹ́ríkà ṣòfin pé kí a máa fi ẹ̀rọ tó ń lo iná mànàmáná wá ibi tó sán lọ́rùn àwọn sílíńdà 6351, nítorí pé ìdánwò olómi nìkan kò tó láti tú àṣírí wọn.

Ìdí nìyí tí ẹni tó fẹ́ ra àlòkù fi gbọ́dọ̀ ka èjìká rẹ̀. Lórí ti Amẹ́ríkà, 3AA túmọ̀ sí irin, 3AL sì túmọ̀ sí àlùmíníọ̀mù. Ṣùgbọ́n 3AL kò sọ irú àdàlù. Ọjọ́ ìdánwò àkọ́kọ́ ni yóò kọ́kọ́ ta olùrà lólobó.

Ìtọ́jú

Ní Amẹ́ríkà, ọdún márùn-ún márùn-ún ni ìdánwò olómi. Sílíńdà tí a ṣe fún 207 bar, a ó fi omi tẹ̀ ẹ́ dé 345 bar. Omi ni a ń lò nítorí pé bí sílíńdà bá fọ́, kò ní bẹ́ bí ti afẹ́fẹ́. Yíyẹ inú rẹ̀ wò lọ́dọọdún jẹ́ àṣà àwọn òmùwẹ̀ níbẹ̀, kì í ṣe òfin ìjọba. Lójoojúmọ́, kí a fi omi tí kò níyọ̀ ṣan ara rẹ̀. Kí a má lo afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ tán pátápátá, kí omi má baà ráyè wọlé. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ tí a ti sẹ́ ni kí a máa rọ sí i. Kí a má sì yan án nínú iná nítorí ọ̀dà tuntun, torí pé ooru ń sọ àlùmíníọ̀mù di aláìlágbára.

Àgbálọgbábọ̀

A ti rí i pé ìdógùn-ún irin ló ṣí ọ̀nà fún àlùmíníọ̀mù, ọrùn tó sán ló sì bí òfin 2006. Olùkọ́ tó bá kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní òfin láìsọ ìtàn rẹ̀, àkọ́sórí ló kọ́ ọ. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ kí a tó ṣòfin, kò ní fojú kékeré wo ọjọ́ àyẹ̀wò, nítorí ẹ̀mí ènìyàn ló wà nídìí rẹ̀.