Orin Ẹ̀rọ Tó Ń Mú Ọkàn
Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń sọ fún àwọn ọmọ pé orin tí a fi ẹ̀rọ ṣe kò lẹ́mìí. Ẹ jẹ́ ká wo ìtàn kan.

Ní 1978, Daniel Miller dá Mute sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, ilé-iṣẹ́ orin kékeré tí kò sí lábẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá. Ibẹ̀ ni Yazoo, ọ̀dọ́ méjì láti Basildon, ti gbé «Only You» jáde ní 1982. Vince Clarke ló kọ orin náà, tó sì ń tẹ dùùrù oníná, synthétiseur. Alison Moyet, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ará Faransé, ló gbé e lóhùn. Ohùn ẹ̀rọ náà tutù, kò bo ohùn obìnrin náà rárá. Gbogbo àárò olólùfẹ́ tó lọ ni etí ń gbọ́. Ó dé ipò kejì nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Nígbà Kérésì 1983, àwọn Flying Pickets fi ẹnu lásán kọ ọ́, láìsí ohun èlò kankan. Ó gba ipò kìíní. Ẹ̀rọ lọ, àárò kò lọ.

Igi àti awọ náà kò lẹ́mìí, síbẹ̀ gángan ń pa wá lẹ́kún. Ọwọ́ ẹni tó ń lù ú ni.