Bí A Ṣe Ń Dá Ìran Àwọn Kòkòrò Onípẹ́ Ilẹ̀ Gúúsù Amẹ́ríkà Mọ̀

Kòkòrò onípẹ́ ni àwọn kòkòrò kéékèèké inú ẹbí ńlá Coccoidea, tí ń lẹ̀ mọ́ ewé, ẹ̀ka, èso àti gbòǹgbò, tí wọ́n ń fi ẹnu tó rí bí abẹ́rẹ́ fa omi ara igi mu. Ọ̀pọ̀ wọn kò gùn tó mìlímítà 5. Ìda tó ń jáde lára wọn ni wọ́n fi ń bo ara: ti àwọn kan le gbagidi, ti àwọn mìíràn sì jẹ́ lẹ́búlẹ́bú funfun. Púpọ̀ nínú àwọn tó ti ba oko jẹ́ ní Áfíríkà ló ti Amẹ́ríkà wá, pàápàá láti Gúúsù Amẹ́ríkà tí ẹ̀gẹ́ fúnra rẹ̀ ti ṣẹ̀. Wọ́n jọra tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán fi lè ṣì wọ́n mọ̀. Bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá ṣi kòkòrò mọ̀ yóò ṣi oògùn rẹ̀ lò.

Abo ni a ń wò

Akọ kòkòrò onípẹ́ sábà máa ń ní ìyẹ́ méjì, kò ní ẹnu tó lè fi jẹun, kì í sì í pẹ́ láyé. Abo kì í hu ìyẹ́ rárá. Bó ti wù kó dàgbà tó, ìrísí ọmọ kòkòrò ló máa ń wà lára rẹ̀. Abo tó ti dàgbà ni a sábà máa ń bá lórí igi, nítorí náà ara tirẹ̀ ni àwọn onímọ̀ fi ń pín wọn sí ìdílé, ìran àti ẹ̀yà. Àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti inú ẹyin ló máa ń rìn kiri. Afẹ́fẹ́ a máa gbé wọn láti oko dé oko, ọwọ́ ènìyàn sì ń gbé wọn kọjá òkun lára igi tí a gé fún gbígbìn.

Ìdílé ṣáájú ìran

Ohun tí a kọ́kọ́ ń wò ni ìdílé. Ìdílé Diaspididae ni àwọn eléèpo líle. Èèpo wọn kò lẹ̀ mọ́ ara. Tí a bá fi abẹ́rẹ́ ṣí i, kòkòrò tí kò ní ẹsẹ̀ la ó bá lábẹ́ rẹ̀. Nínú wọn ni Aonidomytilus albus wà, tó máa ń bo igi ẹ̀gẹ́ ní funfun ní Gúúsù Amẹ́ríkà àti ní Áfíríkà. Ìdílé yìí kan náà ni Parlatoria blanchardi, tó ń yọ ọ̀pẹ déètì lẹ́nu ní àwọn ilẹ̀ Lárúbáwá.

Ìdílé Coccidae ní ara tó rọ̀ díẹ̀, ìbòrí rẹ̀ kò sì ṣeé ṣí kúrò lára. Àmì rẹ̀ ni àwo kékeré onígun mẹ́ta méjì tó bo ojú ihò ìdí. Ìdílé Pseudococcidae ni àwọn tó ní ìda lẹ́búlẹ́bú. Wọ́n ní ẹsẹ̀, wọ́n ń rìn, fọ́nrán ìda sì sábà máa ń yọ yí ara wọn ká.

Àwọn ìran pàtàkì

*Phenacoccus.* Ìwo orí àwọn ẹ̀yà rẹ̀ sábà máa ń ní oríkèé 9. Eyín kékeré kan wà lábẹ́ èékánná ẹsẹ̀ wọn. Ìṣùpọ̀ ẹ̀gún tí ìda ń gbà jáde ní etí ara sábà máa ń jẹ́ méjì-méjì lọ́nà 18, ihò ìda olójú márùn-ún sì wà ní ikùn wọn. Inú ìran yìí ni kòkòrò tó ba ẹ̀gẹ́ jẹ́ ní Áfíríkà wà, èyí tí a ó sọ̀rọ̀ rẹ̀ nísàlẹ̀.

*Pseudococcus.* Èékánná rẹ̀ kò ní eyín, oríkèé ìwo rẹ̀ sì sábà máa ń jẹ́ 8. Ìṣùpọ̀ ẹ̀gún etí ara kì í ju méjì-méjì lọ́nà 17 lọ. Ojú ihò ìda kan tún wà lára rẹ̀ tí etí rẹ̀ yọ sókè yíká.

*Ferrisia.* Ìṣùpọ̀ ẹ̀gún méjì péré ló ní, ní ìdí. Ferrisia virgata rọrùn láti mọ̀ lóko: ilà dúdú méjì wà lẹ́yìn rẹ̀, ìrù ìda méjì tó gùn sì ń yọ ní ìdí rẹ̀.

*Dactylopius.* Orí igi ẹlẹ́gùn-ún Opuntia àti àwọn ìbátan rẹ̀ ló ń gbé. Tí a bá tẹ̀ ẹ́ fọ́, omi pupa fòò ló ń jáde, èyí tí wọ́n fi ń ṣe aró ní Peru títí di òní. Ní ọdún 1795, wọ́n kó kòkòrò yìí láti Brazil lọ sí Íńdíà, wọ́n rò pé Dactylopius coccus, èyí tó ní aró tó dára jù, ni. Dactylopius ceylonicus ló jẹ́. Dípò kó mú aró wá, ó pa Opuntia run káàkiri ibi tó dé.

*Insignorthezia.* Àwo ìda funfun ló tò sí ara rẹ̀, abo a sì máa gbé àpò ẹyin gígùn kiri ní ìdí. Insignorthezia insignis fẹ́rẹ̀ẹ́ pa àwọn igi ìbílẹ̀ kan run ní erékùṣù St Helena, kí kòkòrò Hyperaspis pantherina tí wọ́n tú sílẹ̀ ní 1993 tó gbà wọ́n là.

Iṣẹ́ inú yàrá ìwádìí

Àwọn àmì bí eyín èékánná àti ihò ìda kò ṣeé rí láìlo maikirosíkóòpù. A ó kọ́kọ́ gún ara abo náà ní ihò kékeré, a ó sì gbé e kaná nínú omi potash títí ẹran inú rẹ̀ yóò fi yọ́, tí awọ nìkan yóò kù. A ó fọ̀ ọ́, a ó fi aró pupa kùn ún, a ó sì tẹ́ ẹ sórí gíláàsì nínú oje igi tí kì í bàjẹ́. Gíláàsì bẹ́ẹ̀ lè wà fún ọgọ́rùn-ún ọdún, kí ẹlòmíràn tún yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ̀kọ́ tí ẹ̀gẹ́ kọ́ wa

Ní nǹkan bí ọdún 1973, àwọn àgbẹ̀ ní agbègbè Kinshasa àti Brazzaville rí i pé orí ẹ̀gẹ́ ń kákò, ewé sì ń wọ̀ dànù. Ní 1977, Danièle Matile-Ferrero ní Paris ṣàpèjúwe kòkòrò tó fà á, ó sì sọ ọ́ ní Phenacoccus manihoti. Nígbà tó fi máa di 1979, ó ti dé Nàìjíríà àti Benin. Níbi tó ti ṣọṣẹ́ jù, ó lè jẹ tó 80% nínú ìkórè. Igi tí wọn yóò gé gbìn pàápàá di ohun àwárí.

Àwọn olùwádìí lọ wá ọ̀tá rẹ̀ ní ìhà àríwá Gúúsù Amẹ́ríkà. Wọ́n rí kòkòrò kan lórí ẹ̀gẹ́ tó jọ ọ́ gan-an, ṣùgbọ́n àwọn agbọ́n tí wọ́n kó lára rẹ̀ kò ran kòkòrò Áfíríkà. Àwọn onímọ̀ kòkòrò, Jennifer Cox àti Douglas Williams, yẹ gíláàsì méjèèjì wò ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1981, wọ́n kéde pé ẹ̀yà ọ̀tọ̀ ni ti àríwá náà, wọ́n sì sọ ọ́ ní Phenacoccus herreni. Ìbímọ wọn pàápàá yàtọ̀: abo P. manihoti ń bímọ láìsí akọ, P. herreni sì nílò akọ.

Ní ọdún kan náà, Anthony Bellotti ti ilé ìwádìí CIAT ní Kòlóńbíà rí P. manihoti gan-an ní Paraguay. Lára rẹ̀ ni wọ́n ti rí Anagyrus lopezi, agbọ́n kékeré tí ń yé ẹyin sínú kòkòrò náà, tí ọmọ rẹ̀ ń jẹ ẹ́ láti inú. Wọ́n kọ́kọ́ yẹ agbọ́n náà wò ní England, lẹ́yìn náà ilé ìwádìí IITA ní Ìbàdàn tú u sílẹ̀ ní ìhà gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà ní ìparí 1981. Ọdún bíi mẹ́wàá lẹ́yìn èyí, ó ti tàn káàkiri ilẹ̀ ẹ̀gẹ́ Áfíríkà. Hans Herren tó darí iṣẹ́ náà gba Ẹ̀bùn Oúnjẹ Àgbáyé ní 1995. Nígbà tí kòkòrò yìí dé Thailand ní 2008, láti Benin ni wọ́n ti kó agbọ́n náà lọ síbẹ̀ ní 2009.

Ohun tó jọ èyí ṣẹlẹ̀ sí máńgòrò ní Togo, Benin àti Ghana ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Éṣíà ni kòkòrò tiwọn ti wá. Rastrococcus spinosus ni wọ́n kọ́kọ́ pè é. Ní 1986 ni Williams fi hàn pé ẹ̀yà tuntun ni, ó sì sọ ọ́ ní Rastrococcus invadens. Ní 1987 ni wọ́n tú agbọ́n rẹ̀, Gyranusoidea tebygi láti Íńdíà, sílẹ̀ ní Togo.

Ohun tó kù sí wa lọ́wọ́

Ẹni tó bá rí kòkòrò funfun tí kò mọ̀ lórí ẹ̀gẹ́ tàbí ìbẹ́pẹ, kó má kàn da oògùn lé e. Oògùn a máa pa agbọ́n tí ń ṣọ́ oko. Kó gé ewé náà, kó fi abo mélòó kan sínú ọtí líle inú ìgò kékeré, kó kọ orúkọ igi, ìlú àti ọjọ́ sí i, kó sì mú un lọ bá àwọn olùwádìí nǹkan ọ̀gbìn. Bákan náà, ẹ̀yin tí ẹ ń ti ilẹ̀ òkèèrè bọ̀ wálé, ẹ má gbé ọmọ ọ̀pẹ déètì tàbí igi gbígbìn kankan wọlé láìjẹ́ pé àwọn aláṣẹ ti yẹ̀ ẹ́ wò. Igi kan ṣoṣo tó ní kòkòrò lára tó láti dá ìyọnu ọdún 1979 padà sórí oko wa.