Yàrá Wo Lẹ Fẹ́ Nínú Ọkọ̀? Ìrìn Òkun Àwọn Yorùbá láti Èkó dé Bouaké

Bouaké jìnnà sí òkun. Ó tó nǹkan bí 350 kìlómítà sí Àbíjàn, àárín ilẹ̀ àwọn Baoulé ló wà, ẹni tó bá sì dúró ní àdúgbò Commerce, níbi tí ìsọ̀ àti ṣọ́ọ̀bù fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn, kò lè gbúròó ìgbì kankan. Síbẹ̀, ìtàn òkun wà nínú agbo ilé àwọn Yorùbá tó tẹ̀dó síbẹ̀, àwọn tí ará Côte d'Ivoire ń pè ní Anago. Láti Èjìgbò àti àwọn ìlú tó yí i ká ni ọ̀pọ̀ àwọn bàbá wọn ti gbéra. Àwọn kan fẹsẹ̀ rìn, àwọn kan wọ ọkọ̀ akẹ́rù. Àwọn mìíràn gba Èkó, wọ́n wọ ọkọ̀ òkun tí ń lọ sí ìwọ̀ oòrùn, wọ́n sọ̀ ní etíkun, wọ́n sì wọ rélùwéè gòkè. Ọdún 1904 ni àwọn Faransé bẹ̀rẹ̀ ojú irin náà láti Àbíjàn; ó dé Bouaké ní 1912, òwò sì gbèrú tẹ̀lé e.

Lónìí, oníṣòwò tó bá rí jájẹ ní Commerce lè fẹ́ mú ìyàwó rẹ̀ lọ gbafẹ́ lórí òkun fún ọ̀sẹ̀ kan. Kí ó tó sanwó tán, àwọn tó ni ọkọ̀ á ti bi í léèrè: ṣé yàrá tí kò ní fèrèsé ni, àbí èyí tó ní fèrèsé róbótó, àbí èyí tó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tirẹ̀ tó kọjú sí omi? Ṣé iwájú ọkọ̀ ni, àbí àárín, àbí ìdí? Ìbéèrè yìí dà bí ohun ìgbàlódé, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń bi àwọn ènìyàn wa. Àwọn tó kọ́kọ́ wọ ọkọ̀ òkun nínú wọn ni kò sẹ́ni tó bi ní nǹkan kan.

Ní April 1822, inú ọkọ̀ ẹrú Esperança Feliz ni Àjàyí, ọmọ Òṣogùn, wà nígbà tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ lójú òkun, tí wọ́n sì gbé e lọ sí Freetown. Òun ló di Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther. Ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà, ní 1852, Macgregor Laird dá ilé iṣẹ́ African Steam Ship Company sílẹ̀ láti máa kó lẹ́tà láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá sí etíkun Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Àwọn Sàró, àwọn tí wọ́n gbà kúrò nínú ọkọ̀ ẹrú lọ sí Freetown, àti àwọn ọmọ wọn, wá di ẹni tí ń fi owó ara rẹ̀ wọ ọkọ̀ padà sí Èkó. Láàárín ìran kan ṣoṣo, ẹni tí wọ́n kó sínú ọkọ̀ bí ẹrù di ẹni tí ń dúnàádúrà owó ọkọ̀. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ojú kékeré wo ìyípadà yẹn.

Ní 1868, Alexander Elder àti John Dempster dá ilé iṣẹ́ tiwọn sílẹ̀ ní Liverpool, orúkọ Elder Dempster sì di ohun tí gbogbo Èkó mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń lọ láti Èkó sí Accra, sí Sekondi tàbí sí Grand-Bassam ní etíkun Côte d'Ivoire kì í sábà ra yàrá. Dẹ́ẹ̀kì ló ń rà. Orí pákó gbalasa níta ni, abẹ́ tapólì tí wọ́n ta nítorí oòrùn àti òjò. Ẹni kọ̀ọ̀kan á tẹ́ ẹní tirẹ̀, á di ẹrù rẹ̀ sórí, á sì gbé gàrí àti ẹja gbígbẹ tirẹ̀ dání. Àwọn Kru, ọmọ etíkun Làìbéríà tí ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ àwọn òyìnbó, náà ń sùn níbẹ̀ pẹ̀lú wọn.

Dẹ́ẹ̀kì pàápàá ní ibi tó dára àti ibi tí kò dára. Ọkọ̀ tí ń fi èédú rìn a máa rú èéfín, èéfín náà a sì máa fẹ́ lọ sẹ́yìn bí ọkọ̀ ti ń sáré síwájú; ẹni tó bá tẹ́ ẹní sídìí ọkọ̀, èédú á bà á láṣọ. Iwájú ńkọ́? Omi iyọ̀ ni á máa ta sí i lára. Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbé ẹrù náà kò ṣe é sùn, nítorí ní gbogbo èbúté ni ariwo rẹ̀ á tún bẹ̀rẹ̀, lọ́sàn-án àti lóru. Àárín ọkọ̀, lẹ́bàá ògiri, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí atẹ́gùn kò fi bẹ́ẹ̀ kọ lù, ni ibi tó dára jù. Ẹni tó bá tètè dé ló ń gbà á. Yíyan ibi tí èèyàn máa sùn nínú ọkọ̀ kò dúró de ìgbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí í ra yàrá.

Wíwọ ọkọ̀ náà gan-an jẹ́ ìdánwò. Òkìtì yanrìn abẹ́ omi dí ẹnu òkun Èkó, ọkọ̀ ńlá kò sì lè wọlé. Ìta ni wọ́n ń dúró sí, ọkọ̀ kékeré á gbé èrò kọjá yanrìn náà, wọ́n á wá jókòó sínú àpótí onígi tí wọ́n ń pè ní mammy chair, ẹni mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ojúkojú, ẹ̀rọ á sì fi okùn fà wọ́n sókè lójú afẹ́fẹ́ kí ó tó gbé wọn lé dẹ́ẹ̀kì. Nígbà tí ìgbì bá ga, àpótí náà lè gbá ara ọkọ̀. Ìgbà tí wọ́n fi òkúta dí omi ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ẹnu òkun náà ni ọ̀nà là, tó fi di pé ní 1914 ọkọ̀ ńlá ti ń wọlé. Èbúté Àpápá ṣí ní 1926. Lọ́dọ̀ àwọn Faransé, ó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti 1901 ni afárá onírin ti wà ní Grand-Bassam tí ọkọ̀ fi ń já ẹrù àti èrò, ṣùgbọ́n àpótí orí okùn náà kò kúrò níbẹ̀. Ìgbà tí wọ́n gbẹ́ odò Vridi tán ní 1950 ni ọkọ̀ òkun tó lè wọ inú ọ̀sà Àbíjàn fúnra rẹ̀, kí èrò Bouaké sì fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn sọ̀ kalẹ̀.

Ogun Àgbáyé Kejì jẹ ọkọ̀ Elder Dempster púpọ̀. Ọkọ̀ Accra rì ní July 1940, Apapa ní November ọdún kan náà, Abosso sì rì ní October 1942 pẹ̀lú ẹ̀mí 362. Lẹ́yìn ogun ni ilé iṣẹ́ náà kan Accra tuntun, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1947, àti Apapa tuntun ní 1948. Lẹ́yìn náà ni Aureol dé, ọkọ̀ tí àwọn àgbà Èkó ṣì ń dárúkọ títí dòní. Glasgow ni wọ́n ti kàn án, wọ́n fi orúkọ òkè Aureol ní Freetown sọ ọ́, ara rẹ̀ funfun báláú, ó sì gbéra láti Liverpool fún ìgbà àkọ́kọ́ ní 3 November 1951. Ó gba èrò 253 ní kíláàsì kìíní àti 76 ní kíláàsì tó tẹ̀ lé e. Nǹkan bí ọjọ́ mẹ́tàlá ló ń lò láàárín Liverpool àti Èkó.

Ẹ wo iye èrò yẹn dáadáa. Kíláàsì kìíní ju ìkejì lọ ní ìlọ́po mẹ́ta, nítorí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àmúnisìn tí ń lọ fún ìsinmi ni wọ́n ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n ń ya àwòrán ọkọ̀ náà. Owó nìkan kọ́ sì ni ìdíwọ́ láyé ìgbà náà. Ní 1947, ọdún tí Accra tuntun bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, Hòtẹ́ẹ̀lì Bristol l'Ékòó kọ̀ láti fún Ivor Cummings, òṣìṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó jẹ́ aláwọ̀ dúdú, ní yàrá, ariwo sì ta títí ìjọba fi ní kí wọ́n jáwọ́ nínú irú ìwà bẹ́ẹ̀. Láàárín irú ayé yẹn ni àwọn ọmọ wa ti ń wọ ọkọ̀ lọ kọ́ ìmọ̀ òfin, ìmọ̀ ìṣègùn àti iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Yàrá onípò kejì, ibùsùn lórí ibùsùn, ni ọ̀pọ̀ wọn fi rin ìrìn náà.

Ẹni tó bá lówó láti yan, ó ní ohun tó yẹ kí ó mọ̀. Kí ẹ̀rọ amúlétutù tó wọ́pọ̀ nínú yàrá ọkọ̀, oòrùn ni ọ̀rọ̀. Ọkọ̀ tó kúrò l'Ékòó lọ sí Liverpool á kọ́kọ́ dorí kọ ìwọ̀ oòrùn, á ya Takoradi, á dé Freetown, kí ó tó yí sí àríwá lọ sí Las Palmas. Nígbà ọyẹ́, apá gúúsù ni oòrùn ń fì sí, apá òsì ọkọ̀ tí ń lọ nìyẹn. Bí ó bá sì ti yí sí àríwá, oòrùn ìrọ̀lẹ́ á tún bọ́ sí apá òsì kan náà. Nítorí náà, apá ọ̀tún ló tutù fún àlọ, apá òsì fún àbọ̀.

Lẹ́yìn oòrùn ni ìgbì. Nígbà tí ọkọ̀ bá dé òkun Biscay lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀ Faransé, iwájú rẹ̀ á máa lọ sókè, á máa wá sílẹ̀ bí ọmọ odó. Ẹni tí yàrá rẹ̀ wà níbẹ̀ kò ní lè gbé oúnjẹ mì. Ìdí ọkọ̀ ní ariwo ẹ̀rọ tirẹ̀. Àárín ọkọ̀, ní ìsàlẹ̀ díẹ̀, kì í fi bẹ́ẹ̀ mì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé fèrèsé róbótó ibẹ̀ kéré tí ojú kò sì ríran jìnnà. Àwọn tó ń san owó gọbọi fún yàrá òkè lè máa wo omi lálàáfíà nígbà tí òkun bá rọ̀. Bí ó bá ru, àwọn ni wọ́n ń kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lára.

Àwọn Faransé náà ní ọkọ̀ tiwọn. Ní 1957, ilé iṣẹ́ Fraissinet gbé Jean Mermoz jáde, tí wọ́n kàn ní Saint-Nazaire láti máa ná Marseille, Dakar, Àbíjàn títí dé Pointe-Noire. Orúkọ awakọ̀ òfurufú ni wọ́n fi sọ ọ́, ọkọ̀ òfurufú náà ló sì gba èrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú tí a wá mọ̀ sí Nigeria Airways bẹ̀rẹ̀ sí fò láti Èkó sí London ní 1958. Air Afrique dé ní 1961. Ìrìn tó ń gba ọjọ́ mẹ́tàlá di ti ọjọ́ kan. Aureol ṣíwọ́ ní October 1974. Ti Mermoz yàtọ̀. Ní 1970, wọ́n tún un ṣe pátápátá, wọ́n pín yàrá rẹ̀ lọ́tọ̀, ó di ọkọ̀ ìgbafẹ́ tí òkìkí rẹ̀ kàn nítorí orin tí wọ́n ń kọ nínú rẹ̀. Ọkọ̀ tó gbé òṣìṣẹ́, oníṣòwò àti ọmọ ogun wá sí Àbíjàn ni àwọn ọlọ́rọ̀ Yúróòpù wá ń sanwó láti sinmi nínú rẹ̀.

Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ ra yàrá ìgbafẹ́ lónìí lè fi ìmọ̀ àtijọ́ yẹn ṣe ọgbọ́n. Kí ó béèrè àwòrán ọkọ̀ kí ó tó sanwó. Kí ó wo ohun tó wà lókè àti nísàlẹ̀ yàrá náà, nítorí ilé ijó tàbí ilé ìdáná lórí àjà kì í jẹ́ kí èèyàn sùn. Bí òòyì bá ń tètè kọ́ ọ, kí ó mú àárín, ní ìsàlẹ̀, kí ó má sì jẹ́ kí ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè fa ojú rẹ̀. Kí ó wo ibi tí ọkọ̀ dorí kọ àti ibi tí oòrùn máa wà.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan wà tó ju èyí lọ. Tíkẹ́ẹ̀tì dẹ́ẹ̀kì, ìwé ìrìnnà àtijọ́ àti fọ́tò tí wọ́n yà ní èbúté ṣì lè wà nínú àpótí àwọn àgbà ní Bouaké, ní Èjìgbò àti ní Èkó. Bí ẹ bá ní bàbá tàbí ìyá tó wọ ọkọ̀ òkun kí ọkọ̀ òfurufú tó gbòde, ẹ jókòó tì í, ẹ bi í ní ọkọ̀ tó wọ̀, ọdún wo ni, àti ibi tó sùn nínú rẹ̀. Ẹ kọ ìdáhùn náà sílẹ̀, kí ẹ sì fi ìwé náà pa mọ́ fún àwọn ọmọ yín.