Ẹni Tó Ń Lu Ògiri, Ẹni Tó Ń Ṣọ́ Ọ

Ọ̀nà méjì ni birikila fi ń mọ̀ bóyá ògiri ṣì lè ru ẹrù. Ó lè lù ú, kó gbọ́ ohun tí yóò fi dá a lóhùn. Ó sì lè fi í sílẹ̀, kó máa ṣọ́ ọ, títí ògiri yóò fi fẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó ń ṣe é. Ní Ọjọ́, Ìbà àti Okokomaiko ní Èkó, tí mo ti ń jẹun nídìí iṣẹ́ yìí, ọ̀nà kìíní ń gbilẹ̀ sí i, ìkejì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parun. Kì í ṣe pé ọgbọ́n rẹ̀ tán. Ẹni tó ń gbé inú ilé àti ẹni tó ni ilé ló ti di ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ilẹ̀ Àwórì ni gbogbo agbègbè yìí. Kí títì márosẹ̀ tó gba ibẹ̀ lọ sí Bàdágìrì, abúlé àgbẹ̀ àti apẹja ló wà níbẹ̀, ilé amọ̀ sì ni wọ́n ń kọ́. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń po amọ̀ náà. Wọ́n á mọ ipele kan, wọ́n á jẹ́ kó gbẹ, kí wọ́n tó gbé òmíràn lé e. Ẹsẹ̀ ògiri ni àìsàn rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀: omi òjò tó ń ti orí òrùlé bọ́ á máa bu amọ̀ ibẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀, títí ìdí ògiri yóò fi tín-ín-rín ju orí rẹ̀ lọ. Nítorí náà, bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti dé, baálé á yí ilé rẹ̀ po, á di ibi tó bá ti jẹ, á sì rẹ́ ẹ. Òpó igi ní tirẹ̀, ẹ̀yìn àdá ni wọ́n fi ń lù ú. Bí ẹni tó ń ra ìkòkò lọ́jà ṣe ń fi ìka ta á létí kó lè mọ èyí tó sán, bẹ́ẹ̀ ni káfíńtà ṣe ń mọ òpó tí ikán ti jẹ inú rẹ̀ tán: kì í dún ketekete, gbù ni yóò dún. Ọ̀nà méjèèjì wà lọ́wọ́ baálé nígbà náà. Kò ṣẹ̀ṣẹ̀ nílò kí ẹnikẹ́ni rán an létí, torí abẹ́ òrùlé yẹn lòun náà ń sùn.

Kò gba ọdún mẹ́wàá kí nǹkan tó yí padà. Ní 1975, ilé-iṣẹ́ Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í to mọ́tò létí títì Bàdágìrì. Ibùdókọ̀ ibẹ̀ ṣì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ títí dòní. Ní 1977, wọ́n ṣí ọgbà ìpàtẹ ọjà Trade Fair, tí ilé-iṣẹ́ Energoprojekt láti Yugoslavia kọ́. Nígbà tí Lateef Jakande ń ṣe gómìnà, láàárín 1979 sí 1983, ìjọba kọ́ ilé olówó pọ́ọ́kú sí Ìbà, ọdún 1983 náà ni wọ́n sì dá yunifásítì LASU sílẹ̀. Àwọn tó ń ta ẹ̀rọ ohùn àti tẹlifíṣọ̀n kó wá sí Alábà. Òṣìṣẹ́, akẹ́kọ̀ọ́ àti oníṣòwò, gbogbo wọn ló ń wá yàrá. Àwọn onílẹ̀ da iyanrìn sí àbàtà, wọ́n gbé búlọ́ọ̀kù lé iyanrìn, wọ́n gbé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lé búlọ́ọ̀kù. Ẹni tó kọ́lé ń gbé Sùúrùlérè tàbí Lọ́ńdọ̀nù. Ayálégbé ló kù tó ń wo ògiri.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ bá ayé yìí, àmọ́ kò jẹ́ kí ìṣọ́ bọ́ lọ́wọ́ òun. Bó bá rí ibi tí ògiri ti sán, kì í yára rẹ́ ẹ. Á gé àfọ́kù gíláàsì fèrèsé ní ìwọ̀n ìka mẹ́ta, á gbé e dábùú ojú ibi tó sán náà, á fi sìmẹ́ńtì di etí rẹ̀ méjèèjì mọ́ ògiri. Kí sìmẹ́ńtì tó gbẹ, á fi ìṣó kọ déètì sí i lára. “Gíláàsì ò mọ bí wọ́n ṣe ń nà,” ló máa ń wí fún wa. “Bí ilé bá mira, yóò kán.” Bí òjò kan àti ẹ̀ẹ̀rùn kan bá kọjá tí gíláàsì ṣì wà lódindi, a lè rẹ́ ẹ. Bó bá kán, ilé ṣì ń rìn nìyẹn, ìpìlẹ̀ la ó lọ gbẹ́ wò. Àwọn àgbà ní bí ògiri ò lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀. Ní ti ọ̀gá mi, bí ẹnu náà ṣe ń là sí i ló ń ṣírò.

Lílù náà wá di ti ẹ̀rọ. Ní 1948, Ernst Schmidt, ará Switzerland, ṣe òòlù kan tí irin wà nínú rẹ̀, tí sípíríǹgì ń jù lu kọnkéré. Bí kọnkéré bá ṣe le tó ni irin náà ṣe ń ta padà tó, nọ́ńbà á sì fi hàn. Mo ti dúró ti àwọn injiníà tó ń lò ó. Wọ́n á kọ́kọ́ gbẹ́ pílásítà kúrò lára òpó, wọ́n á fi òkúta ha ojú kọnkéré kó dán, wọ́n á lù ú bí ìgbà mẹ́wàá, wọ́n á wá wo ibi tí àwọn nọ́ńbà náà dọ́gba sí. Àmọ́ awọ kọnkéré nìkan ni òòlù yìí ń kàn. Ẹ̀rọ mìíràn ló ń wọnú: ó ń rán ìró tí etí wa ò lè gbọ́ láti ẹ̀gbẹ́ òpó kan sí ìkejì. Bí ìró náà bá sáré ju 4,500 mítà lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kọnkéré náà dára gan-an. Bí kò bá tó 3,000, ó yẹ kí ọkàn ẹni má balẹ̀ mọ́. Ó lè jẹ́ pé ihò wà nínú rẹ̀ tàbí pé ó ti sán.

Ìṣọ́ náà ní ẹ̀rọ tirẹ̀. Joseph Kaiser, ará Jámánì, parí ìwádìí rẹ̀ ní 1950 lórí ìró tó ń jáde lára irin bí ẹrù bá ń wọ̀ ọ́ lára. Ó rí i pé irin tó ti ru ẹrù kan rí kì í ké mọ́, àfi bí ẹrù tuntun bá ju ti àtijọ́ lọ. Ìmọ̀ yìí ni wọ́n ń lò tí wọ́n bá lẹ ẹ̀rọ agbóhùn mọ́ afárá àti táńkì ńláńlá. Wọn ò lu nǹkan kan. Ìró sísán tíntìntín ni wọ́n ń dúró dè. Ní Alábà, níbi tí jẹnẹrétọ̀ ń ké láti àárọ̀ tí tírélà sì ń mi títì, iṣẹ́ ńlá ni yóò jẹ́ láti sẹ́ ìró náà kúrò nínú ariwo. Gíláàsì ọ̀gá mi ò bẹ̀rù ariwo.

Òòlù ń sọ bí ilé ṣe rí lónìí àti bí agbára rẹ̀ ṣe tó. Kò mọ ibi tí ilé náà ń lọ. Ìṣọ́ mọ ibi tó ń lọ, kò mọ agbára tó kù. Òpó tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì jẹ níyà lè dákẹ́ fọ́dún gbọọrọ, títí ẹnìkan yóò fi gbé táńkì omi lé e lórí. Ọ̀kan ò lè rọ́pò èkejì.

Èkó ò ṣaláìní àwọn tó ń lù. Òfin 2010 dá LASBCA sílẹ̀ kó máa bójú tó ilé kíkọ́, ìjọba sì ní ilé àyẹ̀wò ohun ìkọ́lé. Síbẹ̀, ní 13 Oṣù Kẹta 2019, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí ilé-ìwé wà nínú rẹ̀ wó ní Ìta Fàájì, ó sì pa àwọn ọmọdé. Ilé náà wà lára àwọn tí wọ́n ti sàmì sí tẹ́lẹ̀ pé kí wọ́n wó. Àmì wà lára ògiri, ènìyàn ṣì wà nínú yàrá.

Mo gbé gíláàsì lé ibi tó sán lábẹ́ àtẹ̀gùn ilé kan ní Okokomaiko rí. Màmá kan tó ń ta búrẹ́dì nísàlẹ̀ ló ké sí mi: “Bàbá, gíláàsì yín ti là o.” Ó ti sọ fún ẹni tó ń gba owó ilé. Ìyẹn ní kí wọ́n yọ ọ́ kúrò, kí wọ́n kun ibẹ̀, torí ayálégbé tuntun ń bọ̀ wá wo yàrá. Màmá yìí mọ ohun tó ń ṣe ilé náà ju ẹni tó kọ́ ọ lọ, àmọ́ kò sí ẹni tó jẹ ẹ́ ní gbèsè ìdáhùn.

Ohun tí mo ń bá àwọn ẹgbẹ́ onílé sọ nìyí: kí déètì gíláàsì kọ̀ọ̀kan wà nínú ìwé méjì, ọ̀kan lọ́wọ́ ayálégbé ìsàlẹ̀, ọ̀kan lọ́wọ́ ẹgbẹ́ àdúgbò. Bí gíláàsì bá kán, kí ẹgbẹ́ pe olóòlù, kí owó rẹ̀ sì ti inú owó ilé jáde. Olóòlù ò lè máa wá lójoojúmọ́. Ẹni tó ń sùn níbẹ̀ ló lè mọ ọjọ́ tó yẹ kó wá.