Orúkọ Ọlọ́rúkọ, Owó Ara Ẹni: Ìtàn Òwò Àyálò Orúkọ àti Ohun tó Yẹ kí Ará Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù Yẹ̀ Wò

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Nínú ètò òwò òde òní, àwọn kan ti ń ra orúkọ kí wọ́n tó wo ilé. Òṣìṣẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìn tì tí owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ wà ní báńkì, ọmọ ìlú tó ń fi owó ránṣẹ́ láti òkè òkun, àti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó ń wá ohun tí yóò fi owó ọmọ ẹgbẹ́ ṣe, ìmọ̀ràn kan náà ni gbogbo wọn ń gbọ́: ẹ má wulẹ̀ dá òwò tiyín sílẹ̀, ẹ lọ ra orúkọ ilé-iṣẹ́ tí gbogbo ayé ti mọ̀, kí ẹ sì ṣí ẹ̀ka rẹ̀ sí ìlú yín.

Àdéhùn yìí ni àwọn oníṣòwò ń pè ní fíránṣáìsì. Ọlọ́rúkọ yóò yá ènìyàn ní orúkọ rẹ̀, àmì rẹ̀ àti ìlànà iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tó yá orúkọ yóò san owó ìwọlé, yóò wá ilé, yóò ra ẹ̀rọ, yóò gba òṣìṣẹ́, yóò sì máa san ìdá kan nínú gbogbo owó tó bá pa lórí àtẹ fún ọlọ́rúkọ. Ojúlówó ìbéèrè tó wà níbẹ̀ ni pé, bí ọjà bá kùtà, ta ni yóò gbé àdánù náà? Ìtàn òwò ní agbègbè Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù ti dáhùn ìbéèrè yìí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Ojú irin tó kúrò ní Èkó dé Ìbàdàn ní 1901. Ó dé Òṣogbo ní 1907, ó sì dé Ìlọrin ní 1908. Láàrin Òṣogbo àti Ọ̀fà ni ó ti gba Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù kọjá. Bí ojú irin ti ń lọ ni àwọn ilé-iṣẹ́ òyìnbó ń tẹ̀ lé e, Òṣogbo sì di ibi tí wọ́n kó ilé ìtajà jọ sí. Ní 1929, àwọn tó tóbi jù nínú wọn para pọ̀ di United Africa Company, èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí UAC.

Àwọn òyìnbó wọ̀nyí kò lè rán ará ilé wọn sí gbogbo abúlé. Àwọn ọmọ onílẹ̀ ni wọ́n ń lò gẹ́gẹ́ bí aṣojú. Ilé-iṣẹ́ a fún aṣojú ní owó lọ́wọ́, aṣojú a mú ìwọ̀n rẹ̀ lọ sí ìlú àti oko, a ra èkùrọ́ àti kòkó, a kó o wá sí ilé ìtajà, a sì gba owó ọ̀yà rẹ̀. Orúkọ ilé-iṣẹ́ ni aṣojú fi ń rìn, òun náà sì ń gbayì nípa rẹ̀ láàrin ìlú. Àmọ́ kò gba owó lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ láìní onígbọ̀wọ́ tàbí ohun ìdúró. Bí owó ọjà bá wálẹ̀ lẹ́yìn tó ti ra tirẹ̀, tàbí tí owó náà bá sọnù sí i lọ́wọ́, gbèsè ọrùn rẹ̀ ni.

Ilé-iṣẹ́ mọ bí a ti í dáàbò bo ara wọn. Ní 1937, àwọn tó ń ra kòkó ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà fẹnu kò pé àwọn kò ní bá ara wọn du ọjà mọ́, kí owó tí àgbẹ̀ ń gbà má baà ga. Àwọn àgbẹ̀ Gold Coast, tí í ṣe Ghana òde òní, kọ̀ láti ta kòkó fún wọn títí wọ inú 1938, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì ní láti gbé ìgbìmọ̀ olùwádìí dìde. Nígbà tí ogun àgbáyé dé, ìjọba gba ríra kòkó sí ọwọ́ ara rẹ̀, ní 1947 sì ni a dá àjọ tó ń ṣètò ọjà kòkó ní Nàìjíríà sílẹ̀. Síbẹ̀, àwọn aṣojú tó gba ìwé àṣẹ ló ṣì ń ra kòkó ní oko, títí ìjọba fi tú àwọn àjọ náà ká ní 1986.

Nínú ètò aṣojú, ilé-iṣẹ́ ló ń kọ́kọ́ yọ owó. Èyí kì í ṣe ohun kékeré. Ẹni tí owó rẹ̀ wà lóko kò lè sùn àsùnpiyè nílé. Bí aṣojú bá ṣubú, ilé-iṣẹ́ náà yóò fara pa díẹ̀, nítorí náà ó ń ṣọ́ ọ.

Ètò kejì tí agbègbè yìí mọ̀ dáadáa ni ìṣákọ́lẹ̀. Àgbẹ̀ tó bá dá oko sórí ilẹ̀ onílẹ̀ a máa san nǹkan lọ́dọọdún láti fi hàn pé òun mọ ẹni tó ni ilẹ̀. Ìdá tí ayálórúkọ ń san kò yàtọ̀ sí ìṣákọ́lẹ̀: orúkọ ni ilẹ̀ náà, òwò ni oko. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni kò gbọdọ̀ pa mọ́ lójú ẹnikẹ́ni. Ìṣákọ́lẹ̀ àtijọ́ kò pọ̀, ohun ìbọ̀wọ̀ ni. Bí òjò bá kọ̀ tí irè oko kò jáde, àgbẹ̀ lè lọ bẹ onílẹ̀, kí àwọn àgbà sì bá a sọ ọ́. Igi kòkó tó bá gbìn, ọmọ rẹ̀ lè jogún rẹ̀. Ní ti orúkọ àyálò, ìwé àdéhùn kò mọ ẹ̀bẹ̀, ọjọ́ tí ọdún àdéhùn bá sì pé, ọlọ́rúkọ lè sọ pé kí a já pátákó òun sílẹ̀. Oko tí ayálórúkọ fi ọdún mẹ́wàá ro lè di ilẹ̀ òfìfo lójú ọ̀nà ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan.

Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí òwò yìí ti gbilẹ̀, ìtàn kan wà tó fi agbára ìwé àdéhùn hàn. Ní 1899, àwọn agbẹjọ́rò méjì láti ìlú Chattanooga, Benjamin Thomas àti Joseph Whitehead, gba ẹ̀tọ́ láti máa rọ Coca-Cola sínú ìgò káàkiri ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilẹ̀ náà, dọ́là 1 péré sì ni iye tí a kọ sínú ìwé. Àdéhùn náà kò ní òpin, iye tí wọn yóò máa ra omi ṣúgà olóòórùn tí a fi ń ṣe é kò sì ṣeé yí padà wẹ́rẹ́. Nígbà tí owó ṣúgà fò sókè lẹ́yìn ogun àgbáyé kìíní, ilé-iṣẹ́ Coca-Cola fẹ́ jáwọ́ nínú àdéhùn, ọ̀rọ̀ sì di ti ilé ẹjọ́ ní 1920, kí wọ́n tó parí rẹ̀ ní ìtùnbí-ìnùbí ní 1921. Lọ́jọ́ náà, ìwé gbe ẹni tó yá orúkọ. Láti ìgbà náà wá, àwọn ọlọ́rúkọ ti gbọ́n: ìwé tí wọ́n ń gbé síwájú ènìyàn lónìí, ọ̀dọ̀ tiwọn ni ó máa ń tẹ̀ sí. Ètò ìgò yìí kan náà ni ìdílé Leventis gbé wọ Nàìjíríà. Nigerian Bottling Company fìdí múlẹ̀ ní 1951, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí rọ Coca-Cola sínú ìgò ní Èkó ní 1953. Ẹ kíyè sí i pé olówó ńlá ló yá orúkọ ńlá náà. Kì í ṣe ẹni tó ń fi owó ìfẹ̀yìntì dán òwò wò.

Ní 1986, ọdún kan náà tí àjọ kòkó tú ká, UAC ṣí ilé oúnjẹ Mr Bigg's àkọ́kọ́ sí Marina ní Èkó. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí yá àwọn ọmọ Nàìjíríà ní orúkọ náà, ẹ̀ka rẹ̀ sì ju 100 lọ káàkiri orílẹ̀-èdè. Ọ̀nà tí owó ń gbà wá yí padà pátápátá. UAC ayé kòkó ń fún aṣojú lówó kó lọ fi rajà. UAC ayé oúnjẹ ń gba owó lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ lo orúkọ rẹ̀. Kò sí ẹ̀tàn nínú rẹ̀, àdéhùn ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá rí ìyípadà náà yóò rò pé aṣojú ni òun, nígbà tó jẹ́ pé òun gan-an ni olówó tí owó rẹ̀ wà nínú ewu.

Orúkọ náà sì máa ń darúgbó. Tantalizers dé ní 1997, Chicken Republic ní 2004, KFC ní 2009, Domino's ní 2012. Ní 2013, UAC ta ìdá 49 nínú ọgọ́rùn-ún ilé-iṣẹ́ oúnjẹ rẹ̀ fún Famous Brands ti South Africa. Iyì tí Mr Bigg's ní nígbà tí kò ní abánidíje kò rí bákan náà mọ́. Ẹni tó bá yá orúkọ fún ọdún mẹ́wàá gbọ́dọ̀ rántí pé ìdá tó ń san kò ní dínkù nítorí pé òkìkí orúkọ náà ti dínkù.

Ó yẹ kí a ṣírò rẹ̀. Àpẹẹrẹ lásán ni èyí, kì í ṣe ìwé ìṣirò ilé-iṣẹ́ kankan. Kí a sọ pé ilé oúnjẹ kan ń ta ọjà ₦5,000,000 lóṣù. Èròjà oúnjẹ gba ìdajì, ₦2,500,000. Owó òṣìṣẹ́ jẹ́ ₦700,000, dísẹ́ẹ̀lì àti iná ₦900,000, owó ilé ₦200,000, àtúnṣe àti àwọn ìnáwó mìíràn ₦300,000. Ohun tó kù jẹ́ ₦400,000. Bí ọlọ́rúkọ bá ń gba ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún fún orúkọ àti ìdá 2 fún ìpolówó, ₦350,000 ni. Ayálórúkọ yóò mú ₦50,000 lọ sílé. Bí ọjà bá fi ìdá kan nínú mẹ́wàá dínkù, tí ó di ₦4,500,000, èròjà yóò di ₦2,250,000, ṣùgbọ́n owó òṣìṣẹ́, dísẹ́ẹ̀lì, owó ilé àti àtúnṣe kò ní yí padà. ₦150,000 ni yóò ṣẹ́ kù. Ọlọ́rúkọ yóò gba ₦315,000. Ayálórúkọ yóò jẹ gbèsè ₦165,000 lóṣù náà. Orí ọjà tí a tà ni ọlọ́rúkọ ti ń gba tirẹ̀. Kò sí ohun tó kàn án bóyá èrè wà tàbí kò sí.

Ṣé ọjà lè dínkù báyẹn ní agbègbè yìí? Ó ti ṣẹlẹ̀ rí. Ìkìrun ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn, Òkukù ni ti Odò-Ọ̀tìn tí Ìnísà wà nínú rẹ̀. Owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àti olùkọ́ wà lára ohun tó ń mú ọjà rìn níbẹ̀. Láàrin 2015 sí 2018, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kò gba owó oṣù wọn pé: àwọn kan gba ìdajì, àwọn kan gba ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Ní Òkukù, ọgbà Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ń mú èrò wọ ìlú, ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ a máa lọ fún ìsinmi, ní 2020 sì ni àrùn Kòrónà ti gbogbo ilé-ìwé pa. Ní ìparí oṣù Karùn-ún 2023, ìjọba àpapọ̀ yọ owó ìrànwọ́ orí epo, owó bẹntiróòlù sì ju ìlọ́po méjì lọ. Nínú gbogbo èyí, kò sí ọ̀kan tí ọwọ́ ayálórúkọ tó.

Èyí kò túmọ̀ sí pé kí ẹnikẹ́ni má yá orúkọ. Àǹfààní wà níbẹ̀: ìlànà tí a ti dán wò, òṣìṣẹ́ tí a kọ́ dáadáa, oníbàárà tó ti mọ ohun tó fẹ́ rà kó tó wọlé. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ní ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lónìí, àwọn aṣojú tó ń fi ẹ̀rọ POS san owó fún ènìyàn lábẹ́ orúkọ ilé-iṣẹ́ olówó ń rí oúnjẹ òòjọ́. Òwò tiwọn sún mọ́ ti aṣojú kòkó: owó ìbẹ̀rẹ̀ kò pọ̀, ọ̀yà ni wọ́n ń jẹ, ẹni tó bá sì fẹ́ jáwọ́ lè jáwọ́ láìta ilé. Ẹni tó fẹ́ wọ èyí tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ ní láti mọ iye tí òun lè pàdánù láìjẹ́ pé àwọn ọmọ òun sùn lébi.

Kó tó buwọ́ lùwé, àwọn nǹkan kan wà tó gbọdọ̀ bèèrè kó sì gbà ní kíkọ sílẹ̀. Kí ọlọ́rúkọ ṣèlérí iye ilẹ̀ tí kò ní yá ẹlòmíràn: ojú ọ̀nà kan náà ni Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù wà, ẹ̀ka kejì ní ìlú kejì lè pa ti àkọ́kọ́. Kí ìdá tó ń gbà kéré ní ọdún àkọ́kọ́. Kí ó ṣe kedere ibi tí èròjà yóò ti máa wá àti ẹni tó ń san owó ọkọ̀. Kí a mọ ẹni tó ni ẹ̀rọ àti ilé nígbà tí àdéhùn bá parí. Bí ọlọ́rúkọ bá jẹ́ ará òkè òkun, òfin ní kí a forúkọ àdéhùn náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ NOTAP láàrin ọgọ́ta ọjọ́.

Ní Amẹ́ríkà, òfin fi dandan lé e pé kí ọlọ́rúkọ kó ìwé àlàyé òwò rẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ rà á, ó kéré tán ọjọ́ 14 ṣáájú ìbuwọ́lùwé. Nàìjíríà kò ní òfin pàtó fún irú òwò yìí. Nítorí náà, ẹni tó fẹ́ rà á ni yóò fún ara rẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́rìnlá náà. Kó mú ìwé lọ sọ́dọ̀ agbẹjọ́rò tí òun fúnra rẹ̀ yàn. Kó wá àwọn tó ti yá orúkọ náà lọ, àwọn tó ṣì wà nídìí rẹ̀ àti àwọn tó ti ti ilẹ̀kùn, nítorí àwọn tó ti ti ilẹ̀kùn ni ẹni tó ń ta orúkọ kì í mú ènìyàn lọ bá.